Ibi Tí Ọ̀nà Ti Yà ní Oko Bọ̀sẹ̀dé

Odígbó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Bọ̀sẹ̀dé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Táyọ̀ ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ara mi le díẹ̀. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, òun náà sì mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ ju rédíò lọ.

Nígbà tí o pè mí ní Ọjọ́bọ̀, inú rẹ dùn débi pé mo kọ́kọ́ gbé fóònù jìnnà sí etí. O ní ẹgbẹ́ ti fà ọ́ kalẹ̀ láti lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àkúrẹ́, àga tí èmi náà jókòó lé nígbà kan. O ní Kọ́nà Ọnọ́rébù, lọ́nà Kámpù Ìdí-Àràbà, ni o ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpolongo, nítorí pé orúkọ bàbá rẹ ló wà níbẹ̀. O ní kí n wọ agbádá funfun, kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí n sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ni ìwọ fẹ́ wá parí. O pariwo pé, "Dádì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Irọ́ ni mo pa. Mò ń gbọ́ ọ ketekete.

Lẹ́tà yìí ni ìdáhùn tí n kò lè fún ọ lórí fóònù. Jọ̀wọ́, kà á nígbà tí ilé bá dákẹ́. Bí o bá kà á tán, fún Táyọ̀ kí òun náà kà á. Ṣùgbọ́n má ṣe fi han àwọn tó ń bá ọ ṣe ìpolongo. Ohun kan wà tí mo fẹ́ gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, mo sì máa sọ ọ́ kí n tó parí. Kí n tó béèrè, ó yẹ kí o mọ ìdí tí wọ́n fi sọ kọ́nà yẹn lórúkọ mi. Wọn kò fi bu ọlá fún mi.

O mọ̀ pé inú oko ni mo ti wá. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn tí a jọ jáde wá iṣẹ́ ìjọba lọ, ṣùgbọ́n bàbá mi ní kí n wá gba oko kòkó tó wà lẹ́yìn Omífunfun, nítorí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Mo gbà á, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá rẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Ọdún tí a bí ọ ni àwa méjèèjì gbin kòkó sí apá ibi tí igi àràbà ńlá yẹn wà. Ìyá rẹ á pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, á máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín kòkó kí òòrùn má baà pa á. Kí ìwọ fúnra rẹ tó lè pe orúkọ rẹ ni a ti ń pe ibẹ̀ ní Oko Bọ̀sẹ̀dé.

Bàbá Rájí ló ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìwọ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí bàbá tó máa ń sun àgbàdo fún ọ. Láti apá Ìwó ló ti wá, nígbà tí Rájí ọmọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bàbá mi sì fún un nílẹ̀ láti gbin kòkó tirẹ̀. Àdéhùn wọn kò yàtọ̀ sí ti gbogbo àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní àgbègbè wa. Lọ́dọọdún, bí ìkórè kòkó bá parí, yóò gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan wá fún onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Epo yẹn kì í ṣe owó ilẹ̀. Ẹni tó gbé e wá ń sọ pé òun kò gbàgbé ẹni tó fún òun láyè, ẹni tó gbà á náà sì ń sọ pé òun kò ní fọwọ́ kan oko ẹni tó gbé e wá. Má gbàgbé apá kejì yẹn.

Ọ̀nà ló sọ mí di olóṣèlú. Lákòókò òjò, ọkọ̀ kì í dé kámpù wa, abúlé àwa àgbẹ̀ tó wà láàárín oko. Orí ni a fi ń ru kòkó gbígbẹ dé títì. Bí òjò bá ká wa mọ́ ọ̀nà, kòkó á tún tutù, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá a. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó lábẹ́ àràbà, à ń fọ́ kòkó, ni Bàbá Rájí bá yíjú sí mi. Àgíríìkì ni wọ́n ń pè mí nígbà náà nítorí ìwé tí mo kà.

Ó ní, "Àgíríìkì, ṣé gbogbo ìwé tí ẹ kà yẹn, kòkó nìkan lẹ fẹ́ máa kà á fún?"

Mo ní, "Ta ni kí n tún kà á fún, Bàbá?"

"Ẹ lọ kà á fún wọn ní Àkúrẹ́. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ fún wa, bí ẹ bá gbé odidi kòkó lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á bi yín bóyá sísè ni wọ́n ń sè é tàbí sísun."

A rẹ́rìn-ín títí tí ìyá rẹ fi gbé àdá sílẹ̀. Inú ẹ̀rín yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Rájí gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yíká gbogbo kámpù títí dé ìhà Ajué, ó ń sọ fún wọn pé àgbẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ló fẹ́ jáde. Ọjọ́ tí mo wá bá wọn sọ̀rọ̀, ìdí àràbà yẹn náà ni mo dúró sí, àdá wà lọ́wọ́ mi. Mo na àdá náà sí ìhà títì, mo ní, "Ibí yìí ni ọ̀nà máa gbà wá, tààrà. Ẹ ó máa rí iná ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n dìbò fún mi ju bí àwọn ará ilé mi ṣe dìbò fún mi lọ.

Bọ̀sẹ̀dé Àbẹ̀kẹ́, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Bí o bá ń ṣèlérí, má ṣe béèrè ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ ìjọba nìkan. Béèrè ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ ìwọ alára. Mo mọ gbogbo igi tó wà láàárín títì àti àràbà yẹn bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ mi, síbẹ̀ nígbà tí mo na àdá, n kò bi ara mi pé igi ta ni yóò wó.

Ní Àkúrẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọnọ́rébù. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Nígbà tó yá, bí ẹnì kan bá pè mí ní Àgíríìkì, n kì í tètè dáhùn. Mo máa ń wá sí oko nínú ọkọ̀ tí mo ti yí gíláàsì rẹ̀ sókè nítorí eruku, eruku ọ̀nà tí àwọn ènìyàn mi ń rìn. Nítorí náà, wá ẹnì kan tí kò ní yé pè ọ́ ní Bọ̀sẹ̀dé, kí o sì jẹ́ kí onítọ̀hún máa jẹun nílé rẹ. Bí Táyọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní Ọnọ́rébù nínú ilé, ní kó dáwọ́ dúró, kódà bó bá jẹ́ eré ló fi ń ṣe.

Ọ̀nà náà dé lóòótọ́. N kò parọ́ lórí ìyẹn. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kan èèkàn wọn láti títì, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn, ìlà èèkàn náà sì lọ tààrà bí mo ṣe fi àdá hàn wọ́n. Ó wọ àárín Oko Bọ̀sẹ̀dé gan-an.

Mo wà níbẹ̀ ní àárọ̀ tí katapílà dé. Kòkó ti pọ́n lára igi láti ìdí dé ẹ̀ka, gbogbo oko náà pupa rẹ́súrẹ́sú. Awakọ̀ katapílà yọ orí síta, ó ní, "Ọnọ́rébù, igi yìí mà dára o. Ṣé kí n wọlé?"

Èmi tí mo kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀, mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn wó igi tó ń so lọ́wọ́. Àánú igi ṣe mí. Mo wo apá òsì. Oko Bàbá Rájí ló wà níbẹ̀, kòkó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so fún ìgbà àkọ́kọ́, àkùrọ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní àwọn yẹn ṣì kéré. Mo ní wọ́n ṣeé tún gbìn.

Awakọ̀ náà ní, "Ibi tẹ́ ẹ bá nawọ́ sí la máa gbà."

Mo nawọ́ sí òsì.

Bàbá Rájí ti lọ sílé wọn ní apá Ìwó fún Iléyá. Mo mọ̀ pé kò sí ní kámpù. Mo ti ń bi ara mi láti ọdún pípẹ́ bóyá mo lè nawọ́ bẹ́ẹ̀ ká ní ó dúró tì mí. N kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú mi dùn pé kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó dé, mo lọ bá a lórí ilẹ̀ pupa tí katapílà ti tú. Mo ṣàlàyé fún un: mo ní ilẹ̀ apá ọ̀hún dagẹ̀rẹ̀ jù, mo ní àwọn ẹ̀njiníà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó wá ní, "Ọnọ́rébù, ọ̀nà yín ti dé." Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Ọ̀nà wa ni, Bàbá."

"Rárá o. Tiwa lèyí tí ẹ fi àdá hàn wá."

Ó bi mí bóyá òun lè ṣa àwọn kòkó tó wà lára igi tó ti wó kí wọ́n tó jẹrà. Mo ní kó máa ṣa á, bí ẹni pé mò ń ta á lọ́rẹ. Kòkó tirẹ̀.

Ìyá rẹ gbọ́ kí n tó délé. Ìkálẹ̀, èdè ilé wọn, ló fi bá mi sọ̀rọ̀, o sì mọ̀ pé ìgbà tí ìyá rẹ bá bínú gan-an nìkan ló máa ń sọ ọ́. Ó ní bí mo bá fẹ́ hu irú ìwà yìí nítorí oko, kí n fi orúkọ ara mi pe oko náà, kí n yọ orúkọ ọmọ òun kúrò lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò pe ibẹ̀ ní Oko Bọ̀sẹ̀dé mọ́. Ìwọ bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé, ó sì dá ọ lóhùn pé oko kì í ní orúkọ. Ìdí nìyẹn.

Mo ti sọ èyí tó rọrùn. Èyí tó ń dùn mí jù ló kù.

Nígbà tí ìkórè parí lọ́dún yẹn, Bàbá Rájí gbé kẹ́ẹ̀gì epo wá. Ó kún dé ẹnu, bó ṣe máa ń kún kí ọ̀nà mi tó gé oko rẹ̀ sí méjì. Ó gbé e kalẹ̀, ó kí mi, ó jókòó. Ó yẹ kí n dá a padà. Ó kéré tán, ó yẹ kí ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," mo sì ní kí wọ́n gbé e wọlé. A fi epo náà se ọbẹ̀. Ìyá rẹ se é fún wa, kò bá wa jẹ ẹ́. Ó tún gbé e wá lọ́dún kejì. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, Rájí ló ń gbé e wá. Títí di èṣí, Bọ̀sẹ̀dé. Títí di èṣí ni mò ń gbà á.

Ọjọ́ kan ni mo nawọ́ sí òsì. Gbígba epo yẹn, ọdọọdún ni. Mo rò pé bí ọkùnrin náà ṣe ń gbé e wá ti fi hàn pé ó ti dárí jì mí. Ó kàn ń pa àdéhùn tirẹ̀ mọ́ ni, èmi ni mo ti da tèmi. Bí o bá ṣẹ ẹnì kan tí ó sì ń bọ̀wọ̀ fún ọ síbẹ̀, má ṣe fi ọ̀wọ̀ rẹ̀ tu ara rẹ nínú. Dìde, lọ bá a. Ní ipò tí o ń lọ yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò máa kí ọ lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ tí o dá sí wọn lára.

Mo tún jáde lẹ́ẹ̀kejì, mo sì fìdí rẹmi. Ní Kámpù Ìdí-Àràbà, wọn kò dìbò fún mi. O rántí pé mo jókòó nínú pálọ̀, mo ń dárúkọ àwọn ọ̀tá tó ṣiṣẹ́ lòdì sí mi. Mo gbin ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ lọ́kàn nígbà tí o ṣì kéré, mo sì tọrọ ìdáríjì rẹ lórí rẹ̀. Kò sí ọ̀tá kankan. Àwọn tí mo ṣẹ̀ ló mọ̀ mí.

Ìgbà tí mo gbọ́ orúkọ kọ́nà náà ni mo tó mọ̀. Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́, mo sì wọ ọkọ̀ èrò láti Ọ̀rẹ̀ ní àkókò òjò, mo fa fìlà bojú. Bí a ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti yà sínú àkùrọ̀, táyà rì, ọmọ ọkọ̀ bá kígbe pé, "Kọ́nà Ọnọ́rébù! Ẹ bọ́ bàtà, ẹ sọ̀kalẹ̀ o!"

Gbogbo wa sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n adìẹ dání ní, "Ọ̀nà tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, kí ló ṣe é tó fi yà síbí?"

Awakọ̀ ní, "Ó fẹ́ lọ kí Ọnọ́rébù nílé ni. Nígbà tí kò bá a nílé, ó bínú, ó sùn sínú omi."

Ẹ̀rín sọ. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo bá wọn ti ọkọ̀. Ìyá aládìẹ rí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ ti dàgbà. Ẹni tó yẹ kó tì í wà ní Àkúrẹ́, ó ń jẹ ẹran." Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Tèmi ló dún jù.

Ibẹ̀ ni o fẹ́ ta kánópì sí, kí o dúró kí o sọ pé orúkọ bàbá rẹ ló wà níbẹ̀. Lóòótọ́, òun ló wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí o pè mí, mo gun ọ̀kadà lọ sí kámpù. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan dání, láti inú ọ̀pẹ tèmi. Bàbá Rájí wà lórí ẹní, Rájí ń pọ́n àdá lẹ́nu ọ̀nà. A kí ara wa. Mo sọ fún Bàbá Rájí pé mo fẹ́ la Oko Bọ̀sẹ̀dé láàárín, kí ọ̀nà lè gba ibi tó yẹ kó gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ tirẹ̀ sì padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé ọmọ yín fẹ́ jáde. Ṣé nítorí ìbò ni?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ dájú pé rárá ni, mo sì ti parọ́ fún ọkùnrin yìí rí.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ìbò kọjá. Ẹ̀yìn ìbò ni kí ẹ là á, ì báà wọlé, ì báà má wọlé. Ìgbà yẹn ni màá mọ ẹni tí ẹ là á fún."

Rájí sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Bàbá, pẹ̀lú bí ara yín ṣe rí yìí, ṣé ẹ máa dúró de ẹ̀yìn ìbò?"

"Bí n kò bá sí mọ́, ìwọ kò ní ojú ni? Pọ́n àdá rẹ."

Ohun tí mo fẹ́ béèrè nìyí, ọmọ mi. Nígbà tí ìyá rẹ kú, mo fún ọ ní oko náà lójú gbogbo ẹbí. Tìrẹ ni. N kò lè gé igi kan níbẹ̀ láìgba ẹnu rẹ. Mo fẹ́ kí o jẹ́ kí a là á, lẹ́yìn ìbò, yálà o wọlé tàbí o kò wọlé. Àwọn igi tó dára jù níbẹ̀ ló máa lọ. Ìyá rẹ ló gbin púpọ̀ nínú wọn, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ kí n tó sọ ọ́. Bí o bá ní rárá, o ní ọmọ tí o máa fi oko sílẹ̀ fún, n kò ní bínú. Bí o bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ lórí pèpéle. Bí o bá fi ṣe ìpolongo, o ti nawọ́ sí òsì nìyẹn.

Ní ti ọjọ́ ìpolongo, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má ṣe ta kánópì. Sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbi tí gbogbo èrò ti ń sọ̀kalẹ̀. Bọ́ bàtà rẹ. Jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn kọ́nà náà fún ọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá bú mi, gbọ́ ọ dé òpin, má sì gbèjà mi. Èmi náà yóò wà níbẹ̀ láàárín èrò, láìwọ agbádá. Bí ẹnì kan bá béèrè bóyá òótọ́ ni, èmi ni yóò dáhùn.

N kò tíì sọ bí ti epo náà ṣe parí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Bàbá Rájí fọwọ́ wá kẹ́ẹ̀gì náà kàn, ó ní kí lèyí. Mo ní ìṣákọ́lẹ̀ ni, pé ọ̀nà mi wà lórí oko rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, n kò sì san nǹkan kan. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìdérí, ó fi ìka kan epo, ó tọ́ ọ wò, ó sì fa ojú ro.

"Epo yìí ń ha ọ̀fun."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ẹ gbé èyí tó dára wá lọ́dún tó ń bọ̀." Ó wá pe Rájí pé kó gbé e wọlé.

Mo ti yan àwọn ọ̀pẹ tí màá fi ṣe ti ọdún tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni yóò sì dúró ti ẹni tó máa fọ epo náà. Bí n kò bá sí nígbà tí ìkórè bá parí, o mọ ilé náà. Kí kẹ́ẹ̀gì náà kún dé ẹnu.

Rò ó dáadáa, kí o wá pè mí. Ohun yòówù kí o sọ, n kò ní sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Èmi ni bàbá rẹ,
tí wọ́n ń pè ní Àgíríìkì tẹ́lẹ̀.